Orin Kan, Ojú Márùn-ún

[Ìlù wọlé, ó ń rẹlẹ̀ díẹ̀díẹ̀]

   Ọ̀rọ̀ orin ni mo gbé wá lálẹ́ òní.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan fi orin tuntun ránṣẹ́ sórí fóònù mi. Orin house ni ọmọ náà fẹ́ràn ju oúnjẹ lọ. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé: “Bọ̀dá, ẹ gbọ́ eléyìí, àárọ̀ yìí ló jáde.” Mo ṣí i. Orin márùn-ún ni mo bá níbẹ̀, ṣùgbọ́n orúkọ kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ń jẹ́. Mo rò pé fóònù mi ló ń ṣe wèrè. Mo pè é, mo ní, “Kí ló dé tí o fi orin kan ránṣẹ́ sí mi lẹ́ẹ̀marùn-ún?” Ó rẹ́rìn-ín títí. Ó ní, “Bọ̀dá, wọn kì í ṣe ọ̀kan náà o. Ẹ wo ohun tí wọ́n kọ sí ìdí orúkọ ọ̀kọ̀ọ̀kan.”

Mo wò ó lóòótọ́. Wọ́n kọ Original Mix sí ti àkọ́kọ́. Wọ́n kọ Extended Mix sí ìkejì. Ìkẹta ń jẹ́ Dub. Orúkọ ènìyàn méjì tí n kò mọ̀ rí ló wà lára ìkẹrin àti ìkarùn-ún, wọ́n sì fi remix tì wọ́n lẹ́yìn. Lálẹ́ ọjọ́ náà, mo gbọ́ gbogbo wọn tán. Nínú ti àkọ́kọ́, obìnrin kan kọrin láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Nínú Dub, ọ̀rọ̀ méjì péré ni wọ́n fi sílẹ̀ lẹ́nu rẹ̀, ìyókù di ìlù àti bèèsì. Nínú ti ìkarùn-ún, bí kì í bá ṣe orúkọ tó wà níbẹ̀, ǹ bá búra pé orin mìíràn ni.

Kí ló fà á tí ènìyàn yóò fi ṣe orin kan, tí yóò tún gbé e fún ẹlòmíràn pé kó tún un ṣe? Ṣé ti àkọ́kọ́ kò dára tó ni? Ìbéèrè tí mo fẹ́ dáhùn nìyẹn. Rímíìsì ni a ó máa pe iṣẹ́ àtúnṣe náà, torí bí àwọn ọmọ wa ṣe ń pè é nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ dé òde àríyá. Obìnrin kan jó bọ́ sójú agbo. Ìyáàlù rí i, ó kọjú sí i, ó ń ki oríkì bàbá rẹ̀. Bí ìdí bá ṣe ń yí ni ìlù ń yí. Nígbà tó rẹ oníjó, ìyáàlù dákẹ́ díẹ̀, gúdúgúdú nìkan ń lọ, títí obìnrin náà fi mí délẹ̀. Bí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ bá wá tú jáde lọ́wọ̀ọ̀wọ́ pẹ̀lú owó lọ́wọ́, kò sí onílù tí yóò sọ pé ìṣẹ́jú mẹ́ta òun ti pé. Ojú oníjó ló ń wò lù.

Àwo orin kò lójú. Ohun tí wọ́n bá ti gbà sínú rẹ̀ ni yóò máa wí títí ayé, ì báà jẹ́ inú yàrá tí ẹnì kan ti ń dá ronú, ì báà jẹ́ gbọ̀ngàn tí ẹgbẹ̀rún ènìyàn ti ń jó. Rímíìsì ni wọ́n fi la àwo orin lójú. Ẹ mú gbólóhùn yẹn dání, torí òun ni gbogbo ọ̀rọ̀ mi.

[Ìlù díẹ̀]

Ní Amẹ́ríkà, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, àwo kékeré oníínṣì méje ni orin tó lókìkí sábà máa ń bá jáde. Ìṣẹ́jú mẹ́ta, bóyá mẹ́ta àbọ̀, ó tán. Bí àwọn ilé-iṣẹ́ rédíò ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn, torí orin púpọ̀ àti ìpolówó ọjà gbọ́dọ̀ ráyè láàárín wákàtí kan. Ṣùgbọ́n kí ni ti oníjó nínú ìpolówó ọjà? Ara rẹ̀ yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa yá ni orin yóò ti parí.

Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Tom Moulton ṣàkíyèsí èyí ní Fire Island, erékùṣù kan nítòsí New York tí àwọn ènìyàn ti ń lọ gbafẹ́ nígbà ooru. Ó rí i pé ibi tí orin bá ti parí tí òmíràn bẹ̀rẹ̀ ni àwọn oníjó ti ń fi agbo sílẹ̀. Ó padà sílé, ó gbé téèpù, ó gé orin, ó so wọ́n mọ́ra kí àlàfo má baà sí níbẹ̀. Nígbà tó yá, àwọn ilé-iṣẹ́ orin fúnra wọn ń gbé téèpù wá bá a pé kó bá wọn fa orin gùn. Lórí àwo akọrin Gloria Gaynor tó jáde ní 1975, Moulton so orin mẹ́ta pọ̀ lójú kan àwo náà láìdáwọ́ dúró, ó sì súnmọ́ ogún ìṣẹ́jú.

Ẹ̀yin àgbà tí ẹ ń gbọ́ mi, mo mọ ohun tí ẹ ń rò. Ẹ ní kí ló ṣe tuntun níbẹ̀? Ní àkókò yẹn kan náà nílé wa, ẹ lè gbé àwo Ebenezer Obey tàbí ti King Sunny Adé sórí ẹ̀rọ, kí orin máa wọnú orin títí ojú àwo kan yóò fi parí. Fela ní tirẹ̀ kò ka orin oníṣẹ́jú mẹ́ta sí nǹkan kan. Òótọ́ lẹ sọ. Òde àríyá ni àwọn tiwa ti kọ́ ọ, ọwọ́ ni wọ́n sì fi lù ú gùn. Ní New York, akọrin ti gba ohùn sílẹ̀, ó ti lọ sílé. Abẹ àti téèpù ló kù tí wọ́n lè fi fa tiwọn gùn.

Èèṣì kan ló wá ran iṣẹ́ náà lọ́wọ́. Lọ́jọ́ kan, Moulton lọ sọ́dọ̀ José Rodríguez, ẹni tó máa ń bá a gé orin sórí àwo ìdánwò. Àwo oníínṣì méje ti tán nílẹ̀. Rodríguez mú èyí tó fẹ̀ jù ú lọ. Moulton ní ó burú lójú kí orin bíńtín jókòó sórí àwo ńlá, ó ní kí ó tẹ́ àwọn ilà inú rẹ̀ kí wọ́n gba gbogbo ojú àwo. Nígbà tí wọ́n lù ú, ẹnu yà wọ́n. Orin náà dún sókè ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó sì mọ́ gaara. Ìdí rẹ̀ kò le: bí bèèsì bá ṣe wúwo tó ni ilà tí abẹ́rẹ́ ń tọ̀ lórí àwo ṣe ń fẹ́ àyè tó. Lórí àwo kékeré, àwọn ilà fún mọ́ra, bèèsì kò sì lè mí. Láti ibẹ̀ ni àwọn DJ ti gòkè dé àwo oníínṣì méjìlá.

Ní 1976, ilé-iṣẹ́ Salsoul gbé “Ten Percent”, orin ẹgbẹ́ Double Exposure, jáde lórí àwo oníínṣì méjìlá. Òun ni wọ́n kà sí àkọ́kọ́ irú rẹ̀ tí ará ìta lè fi owó rà lọ́jà. Walter Gibbons ni wọ́n gbé téèpù rẹ̀ fún, orin tó tó bí ìṣẹ́jú mẹ́ta sì di èyí tó lé ní mẹ́sàn-án. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kíyè sí ẹni tí wọ́n pè síṣẹ́ yẹn. DJ ni Gibbons. Ẹni tó máa ń dúró wo àwọn oníjó lójú lálaalẹ́ ni wọ́n pè.

[Ìlù díẹ̀]

Ẹ jẹ́ ká wá lọ sí Chicago, níbi tí wọ́n bí orin house sí. Frankie Knuckles, ọmọ Bronx ní New York, kó lọ síbẹ̀ ní 1977 láti máa lu àwo ní ilé ijó kan tó wà ní 206 South Jefferson Street. Ilé náà ń jẹ́ Warehouse, ìyẹn ilé ìkẹ́rùsí. Àwọn ọ̀dọ́ aláwọ̀ dúdú àti àwọn ọmọ Latino ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń jó níbẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin, tí wọn kì í rí ààyè jó ní fàlàlà níbòmíràn. Bí ọ̀pọ̀ ará Chicago ṣe ń sọ ìtàn náà, àwọn ènìyàn á dé ìsọ̀ àwo, wọ́n á béèrè irú orin tí wọ́n ń lù ní Warehouse. Ẹnu gé orúkọ náà kúrú, ó di house.

Lóṣù keje ọdún 1979, ní pápá ìṣeré Comiskey Park ní ìlú yẹn kan náà, DJ rédíò kan tó kórìíra orin dísíkò, irú orin ijó tí Moulton àti Gibbons fà gùn, ní kí àwọn ènìyàn kó àwo dísíkò wá, kí òun fi ohun abúgbàù fọ́ wọn níwájú gbogbo ayé. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ló ya bo pápá náà. Vince Lawrence, ọ̀dọ́mọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan, ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ó ń mú àwọn òǹwòran lọ sí ìjókòó wọn. Ó sọ lẹ́yìn náà pé lára àwo tí wọ́n kó wá, òun rí ti àwọn aláwọ̀ dúdú tí kì í ṣe dísíkò rárá. Ní 1984, Vince Lawrence yìí kan náà wà lára àwọn tó kọ “On and On” pẹ̀lú Jesse Saunders. Àwo yẹn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kà sí àwo house àkọ́kọ́.

Lẹ́yìn ìfọ́wo yẹn, àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá fa ọwọ́ sẹ́yìn lórí dísíkò, orin tuntun sì wọ́n. Kí ni Knuckles yóò máa lù? Ó gbé ti àtijọ́. Ó fi téèpù fa ibi tó dùn gùn, ó gé ibi tó ń dẹ́rù pa oníjó kúrò, ó fi ẹ̀rọ ìlù gbé e nídìí. Nígbà tó yá, àwọn ọ̀dọ́ ìlú náà bẹ̀rẹ̀ sí í ra ẹ̀rọ ìlù Roland láti Japan. TR-909, tó jáde ní 1983, kò tà dáadáa nígbà náà, torí náà owó pọ́ọ́kú ni wọ́n fi ń rí i rà ní àlòkù. Wọ́n gbé e sínú yàrá wọn, wọ́n ń dá orin tiwọn sílẹ̀. Orin house ìbá má sí bí kò bá sí rímíìsì. Rímíìsì ni bàbá, house ni ọmọ.

Ní 1998, nígbà tí àwọn tó ń fún ni ní Grammy dá ẹ̀bùn kan sílẹ̀ fún ẹni tó mọ rímíìsì ṣe jù lọ lọ́dún, Frankie Knuckles ni wọ́n kọ́kọ́ fún. Ó kú ní 2014. Ní 2023, ìlú Chicago sọ ilé Warehouse di ohun ìṣẹ̀m̀báyé tí òfin dáàbò bò.

[Ìlù díẹ̀]

Ẹ jẹ́ ká padà sórí fóònù mi, kí n túmọ̀ àwọn orúkọ wọ̀nyẹn fún yín.

Ìlù ńlá ìsàlẹ̀ nínú orin house kì í yẹsẹ̀: gbì, gbì, gbì, gbì, mẹ́rin-mẹ́rin. Àtẹ́wọ́ ń bọ́ sórí ìkejì àti ìkẹrin. Láàárín gbì kan sí òmíràn, ohun kan bíi ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ń sọ ṣẹ̀ẹ̀, ṣẹ̀ẹ̀. Lílù bíi 118 sí 130 ló sábà máa ń wà nínú ìṣẹ́jú kan. Original Mix ni bí ẹni tó ni orin ṣe fẹ́ kí á kọ́kọ́ gbọ́ ọ.

Extended Mix jẹ́ ti DJ. Ká ní lílù 124 ló wà nínú ìṣẹ́jú kan. Bí wọ́n bá fi mẹ́rin-mẹ́rin lọ́nà méjìlélọ́gbọ̀n sí ìbẹ̀rẹ̀, ìlù nìkan, láìsí ohùn, ìṣẹ́jú kan àti ìṣẹ́jú-àáyá méjì nìyẹn. Ẹni tó jókòó nílé yóò ní, kí ni wọ́n ń dúró dè? DJ ni wọ́n ń dúró dè. Ìṣẹ́jú yẹn ni yóò fi gbé orin tuntun wọnú èyí tó ń lọ lọ́wọ́, tí ẹsẹ̀ oníjó kò fi ní mọ ibi tí ọ̀kan ti parí. Radio Edit ni òdìkejì rẹ̀. Àwa oní-rédíò ni wọ́n gé ìyẹn kúrú fún.

Dub wá láti Jàmáíkà. Ní ohun tó lé ní àádọ́ta ọdún sẹ́yìn, King Tubby, ọkùnrin kan ní Kingston tó mọ rédíò àti amúohùn-gbòòrò tún ṣe, bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ohùn akọrin kúrò nínú orin reggae. Á fi bèèsì àti ìlù sílẹ̀. Lójijì, á dá ọ̀rọ̀ kan padà, ọ̀rọ̀ náà á máa dún lọ bí ìgbà tí ènìyàn pariwo nínú kòtò. Àwọn ará New York àti Chicago gba ọgbọ́n náà. Bí Dub bá ń dún, ẹ rántí ìyáàlù tó dákẹ́ tí gúdúgúdú ń lọ. Ohùn tó yẹra ló ń fún ara láyè.

Ìkẹrin àti ìkarùn-ún ni rímíìsì gan-an. Nígbà tí wọ́n bá gba orin sílẹ̀, ohun kọ̀ọ̀kan ló ní àyè tirẹ̀: ohùn lọ́tọ̀, ègbè lọ́tọ̀, bèèsì lọ́tọ̀, dùùrù lọ́tọ̀, ìlù lọ́tọ̀. Ẹni tó ni orin yóò kó gbogbo ẹ̀yà wọ̀nyí fún ẹni tí yóò tún un ṣe. Ìyẹn lè mú ohùn nìkan, kó da ìyókù nù, kó sì kọ́ ilé mìíràn yí ohùn náà ká. Láyé téèpù, wàhálà wà níbẹ̀. Bí orin tó ń lọ ní 100 bá gbọ́dọ̀ di 124, téèpù ni wọ́n á mú yára, ohùn àgbàlagbà á wá di ti ọmọdé. Kọ̀ǹpútà òde òní lè mú orin yára láìfọwọ́ kan ohùn.

[Ìlù díẹ̀]

Ẹ jẹ́ kí n fi àpẹẹrẹ méjì hàn yín, torí rímíìsì lè sọ ẹni tó ni orin di ọlọ́lá, ó sì lè gba orin náà mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tọkùnrin-tobìnrin kan wà, Ben Watt àti Tracey Thorn, tí ẹgbẹ́ wọn ń jẹ́ Everything But the Girl. Ní 1994 wọ́n gbé orin “Missing” jáde. Orin ẹni tí àárò ń sọ ni. Gìtá rọra ń dún, ìlù rọra ń lọ. Ó dùn, ṣùgbọ́n kò wọ ogójì àkọ́kọ́ lórí àtẹ orin Britain. Wọ́n gbé e fún Todd Terry, próòdúsà kan láti Brooklyn. Todd Terry kò bá wọn tún ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sọ. Ó fi ohùn Tracey sílẹ̀ bó ṣe wà pẹ̀lú gbogbo ìbànújẹ́ rẹ̀, ó fi ìlù house gbé e nídìí. Lójijì, ẹni tí àárò ń sọ kò dá nìkan wà nínú yàrá mọ́. Ó wà láàárín gbọ̀ngàn ijó, gbogbo ayé ń jó yí i ká, òun nìkan ló mọ ẹni tí kò sí níbẹ̀. Èyí ló mú orin náà kọlu ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́kàn. Ó dé ipò kẹta ní Britain ní 1995, ó dé ipò kejì ní Amẹ́ríkà ní 1996, ó sì lò ju ọdún kan lọ lórí àtẹ ńlá ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Kí rímíìsì yẹn tó gòkè, ilé-iṣẹ́ tó ń gbé wọn jáde ní Britain ti jáwọ́ lára wọn.

Àpẹẹrẹ kejì: ẹgbẹ́ Nightcrawlers láti Scotland, tí John Reid ń kọrin fún, gbé “Push the Feeling On” jáde ní 1992. Marc Kinchen, ọmọ Detroit tí wọ́n ń pè ní MK, ni wọ́n ní kó tún un ṣe. MK gé ohùn John Reid sí wẹ́wẹ́, ó tò wọ́n bí ẹni to ìlẹ̀kẹ̀, títí ọ̀rọ̀ fi di ìró lásán tí kò ní ìtumọ̀ kankan. Òun ló dé ipò kẹta ní Britain ní 1995. Títí di òní, àwọn ènìyàn ń ké ègbè orin náà lójú agbo, wọ́n ń kọ ohun tí kì í ṣe ọ̀rọ̀ èdè kankan. Àwọn tó mọ bí orin náà ṣe rí kí MK tó fọwọ́ kàn án kò tó nǹkan.

Ṣé MK ba orin jẹ́ ni? Èmi kò rò bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ rí ìyàtọ̀ tó wà láàárín àwọn méjèèjì. Todd Terry gbé akọrin lọ sójú agbo. MK sọ akọrin di ìlù. Bí ẹ bá fẹ́ mọ rímíìsì tó pójú owó, ẹ béèrè ohun méjì: kí ló fi sílẹ̀, kí ló yọ kúrò? Èyí tó kàn fi gbì-gbì sábẹ́ orin, tí kò yan nǹkan kan, àsanwó lásán ni.

[Ìlù díẹ̀]

Orúkọ wa kò ṣàjèjì nínú ọ̀rọ̀ yìí o. Wọ́n dá ilé-iṣẹ́ orin house kan sílẹ̀ ní New York ní àárín àwọn ọdún 1990, Ibadan Records ni wọ́n ń pè é. Jerome Sydenham tó dá a sílẹ̀, Ìbàdàn ni wọ́n bí i sí. Òmíràn tún wà, Yoruba Records, tí Osunlade dá sílẹ̀ ní 1999. Ọmọ St. Louis ní Amẹ́ríkà ni Osunlade, ó wọ ẹ̀sìn òrìṣà, ó di olórìṣà, ó sì fi orúkọ wa sórí iṣẹ́ rẹ̀.

Lẹ́yìn tí Fela kú ní 1997, Louie Vega àti Kenny Gonzalez, àwọn méjì ní New York tí wọ́n ń pe ara wọn ní Masters at Work, ṣe orin kan láti bu ọlá fún un. “Expensive Shit” tí Fela ṣe ní 1975 ni wọ́n gbé wọnú house, wọ́n pè é ní “MAW Expensive”. Wunmi ló bá wọn kọ ọ́, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó sì dàgbà ní Èkó. Ẹ ṣọ́ra níbí: ìyẹn kì í ṣe rímíìsì. Ńṣe ni wọ́n tún orin náà kọ, tí wọ́n tún un lù, wọn kò lo ohùn Fela fúnra rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ rímíìsì gan-an, ẹ wo “Truth Don Die” ti Femi Kuti. Kerri Chandler, àgbà próòdúsà ọmọ New Jersey, ló bá a ṣe é. Ohùn Femi ṣì wà níbẹ̀, ilẹ̀ tó ń tẹ̀ ló yàtọ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa tí ẹ ń ṣe orin, ẹ̀yin ni mo fẹ́ kó etí wá báyìí. Mo mọ akọrin kan tí orin rẹ̀ dùn débi pé próòdúsà òkèèrè kan kọ̀wé sí i, ó ní òun fẹ́ ṣe rímíìsì rẹ̀. Ó ní kó fi ẹ̀yà orin ránṣẹ́ sí òun lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Akọrin sáré lọ sí sítúdíò tó ti gbà á sílẹ̀. Olè ti gbé kọ̀ǹpútà ibẹ̀ lọ. Orin tí wọ́n ti pò pọ̀ ló kù lórí fóònù rẹ̀. Ẹyin ti di òmùlẹ́ẹ̀tì, ta ló lè dá a padà sínú èèpo? Bí ẹ bá gba orin sílẹ̀ tán, ẹ má ṣe kúrò ní sítúdíò láìgba ẹ̀yà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ibi méjì ni kí ẹ tọ́jú rẹ̀ sí. Ẹ kọ iye lílù tó wà nínú ìṣẹ́jú kan sí ara rẹ̀.

Èkejì, ìwé. Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọpọlọ ti Nàìjíríà, ti ọdún 2022, fi yé wa pé ẹni tó ni orin ló ní ẹ̀tọ́ láti jẹ́ kí ẹlòmíràn tún un ṣe. Torí náà, ẹni tó bá gbé orin rẹ rímíìsì láìgbàṣẹ, tó sì ń tà á, ó ti wọ oko olóko. Ṣùgbọ́n bí ìwọ náà bá ní kí ẹnì kan bá ọ ṣe é, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kó tó fọwọ́ kàn án: ṣé owó ẹ̀ẹ̀kan ni yóò gbà tí ọ̀rọ̀ á parí síbẹ̀, tàbí yóò máa gba ìpín nínú èrè? Ta ni yóò ni àtúnṣe náà? Orúkọ ta ni yóò ṣáájú? Ẹ fi ọwọ́ sí i, kí oníkálukú mú tirẹ̀. Ọ̀rẹ́ kì í tìtorí ìwé bàjẹ́. Àìsí ìwé ló ń ba ọ̀rẹ́ jẹ́ nígbà tí owó bá dé.

Lálẹ́ ọjọ́ tí mo gbọ́ orin márùn-ún wọ̀nyẹn tán, mo pe ọmọ ẹ̀gbọ́n mi padà. Ó ní, “Bọ̀dá, èwo lẹ mú?” Mo ní Dub ni. Ó yà á lẹ́nu. Ó rò pé ẹni ọjọ́ orí mi, ohùn obìnrin yẹn ni yóò fẹ́. Mo ní, “Ìlú onígúdúgúdú ni wọ́n ti bí mi.”

Ẹ̀yin olùgbọ́ mi, nígbà mìíràn tí ẹ bá rí orin kan tó jáde pẹ̀lú ojú mẹ́rin tàbí márùn-ún, ẹ má ṣe fò ó. Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ Original Mix, kí ẹ mọ ẹni tó bí ọmọ. Lẹ́yìn náà, ẹ gbọ́ ìyókù, kí ẹ sì ka orúkọ tó wà ní ìdí wọn. Ní òde wa, ẹni tó lù tí a fi jó ni a ń lẹ owó mọ́ níwájú orí. Ó kéré tán, ẹ jẹ́ ká mọ orúkọ rẹ̀.



[Ìlù gòkè, ó parí]